Tíísìs Máásítà Nínú Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà: Ìbéèrè Tẹ́ẹ Máa Ń Béèrè Jù Àti Ìdáhùn Wọn

Máásítà oníwàádìí là ń sọ níbí o, èyí tó jẹ́ pé tíísìs gan-an ló máa sọ bóyá ẹ máa gboyè, kì í ṣe èyí tẹ́ẹ máa jókòó sí kíláàsì títí, tẹ́ẹ wá fi próójẹ́ẹ̀tì kékeré kan dé e lórí. Kò pọn dandan kẹ́ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ lọ síbi tó bá ń dùn yín. Ìlànà yunifásítì kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀, tóhun tá a sọ níbí bá ta ko ìwé ìlànà ẹ̀ka yín, ìwé ìlànà yín ni kẹ́ẹ tẹ̀ lé.

Mo ti kọ sọ́fítíwia tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ṣé ìyẹn ò tíì tó ni?

Kò tíì tó. Ibí gan-an lọ̀pọ̀ àwọn tó mọ kóòdù kọ dáadáa ti máa ń há, torí wọ́n rò pé tí nǹkan bá ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Sọ́fítíwia tó ń ṣiṣẹ́ fi hàn pé ẹ mọ iṣẹ́ ọwọ́ yín, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ohun tí tíísìs ń wá yàtọ̀: kí la wá mọ̀ báyìí tá ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí sì ni ẹ̀rí ẹ̀? Ẹ lè kọ áàpù tó rẹwà bí egbin, kí olùyẹ̀wò wò ó tán kó ní "ó mà dáa o, ìbéèrè wo lẹ wá fi dáhùn?", tẹ́nu yín á sì wọhò.

Kì í ṣe pé ẹ ò gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan o. Ìwádìí kan wà tó jẹ́ pé nǹkan tẹ́ẹ kọ́ yẹn gan-an ni ọkàn iṣẹ́ náà, design science ni wọ́n ń pè é, pépà tí Hevner àtàwọn mẹ́ta míì kọ sínú jọ́nà MIS Quarterly lọ́dún 2004 lọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń tọ́ka sí lórí ẹ̀. Àmọ́ kódà níbẹ̀, kíkọ́ ọ nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ dán an wò, kẹ́ẹ sì fi hàn pé ó yanjú ìṣòro tẹ́ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ yanjú, ó sàn ju ohun tó wà nílẹ̀ tàbí kò sàn jù ú, níbo ló ti sàn, níbo ló ti kù díẹ̀ káàtó.

Súpáfáísọ̀ mi ní àkòrí mi ti fẹ̀ jù. Báwo ni mo ṣe máa dín in kù?

Mẹ́sàn-án nínú àkòrí mẹ́wàá tá à ń rí ló fẹ̀ jù, torí náà ẹ má fìyẹn dààmú. Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan ká jọ gé e wẹ́wẹ́.

Ẹnì kan wá, ó ní "mo fẹ́ lo machine learning fún ààbò íntánẹ́ẹ̀tì" (machine learning ni pé kí kọ̀ǹpútà kọ́ nǹkan fúnra ẹ̀ látinú dátà, ohun tó bá kọ́ jáde ni mọ́dẹ́lì). Ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè, agbègbè nìyẹn, èèyàn lè gbé ibẹ̀ títí ayé ẹ̀ kó má parí. Ó padà wá, ó ní "mo fẹ́ fi machine learning dá àwọn sáìtì gbájúẹ̀ mọ̀", àwọn tó máa ń ṣe bíi sáìtì báǹkì kí wọ́n lè jí pásíwọ́ọ̀dù èèyàn. Ó ti ń sún mọ́lé, àmọ́ àìmọye èèyàn ti ṣe é, tó bá sì ṣe tiẹ̀ tó gba 96 nínú ọgọ́rùn-ún, tẹlòmíì gba 95, kí la wá rí kọ́ níbẹ̀?

Ẹ wá wo ẹ̀ẹ̀kẹta: "Àwọn tó ń ṣe sáìtì gbájúẹ̀ máa ń pààrọ̀ ọgbọ́n ọwọ́ wọn. Tá a bá fi dátà ọdún tó kọjá kọ́ mọ́dẹ́lì, báwo ló ṣe ń yára gbó tó lẹ́yìn oṣù kan, oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà? Àti pé èwo ló ń tètè gbó nínú àmì tá a yọ látinú àdírẹ́sì sáìtì nìkan àtèyí tá a yọ látinú ohun tó wà lójú ìwé náà?"

Ìbéèrè nìyí o! Ẹ wò ó, ó ti sọ ohun tá a máa wọ̀n, ó ti sọ ohun méjì tá a máa fi wéra, ó ti sọ bí dátà á ṣe rí, torí gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní déètì lára. Èyí tó sì wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé ibi yòówù kí ìdáhùn já sí, ohun tẹ́ẹ máa kọ wà. Bó gbó kíákíá, ìròyìn ni. Bí kò bá gbó rárá, ìròyìn tó tún lágbára jù ni. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí mọ́dẹ́lì yín bá gbayì nìkan ni tíísìs yín lè dúró, ẹ tún ìbéèrè yẹn ṣe kó tó pẹ́ jù.

Ṣé dandan ni kó jẹ́ nǹkan tí ẹnì kankan ò ṣe rí láyé?

Ó gbọ́dọ̀ ní tuntun díẹ̀ nínú, àmọ́ ẹ má gbé e ga ju ara yín lọ. Lóòótọ́, tíísìs máásítà ni Claude Shannon kọ ní MIT lọ́dún 1937, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni, ó sì fi hàn pé èèyàn lè fi àlùjẹ́bírà Boole (ìṣirò òótọ́ àti irọ́) ṣètò àwọn swíìṣì iná, ohun tí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní ṣì dúró lé nìyẹn. Ó dáa, a ti gbọ́, ẹ jẹ́ kí Shannon sinmi. Wọn ò ní kẹ́ẹ wá ṣe bíi tiẹ̀.

Ohun tó tó fún máásítà: kẹ́ẹ tún ìwádìí ẹlòmíì ṣe lórí dátà míì kẹ́ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣì dúró, kẹ́ẹ fi ọ̀nà mẹ́ta tí wọn ò tíì fi wéra rí wéra láìṣe ojúsàájú, kẹ́ẹ kó dátà tuntun jọ fún èdè tàbí iṣẹ́ tí kò ní, kẹ́ẹ fi hàn pé ọ̀nà kan tí gbogbo èèyàn ń gbọ́kàn lé máa ń já èèyàn kulẹ̀ níbi báyìí-báyìí. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín yín àtẹni tó ń ṣe PhD ni pé ẹ̀yin, ẹyọ ìbéèrè kan tẹ́ẹ dáhùn dáadáa ti tó.

Pépà mélòó ni mo gbọ́dọ̀ kà, ibo ni mo sì ti máa rí wọn?

Kò sí iye kan. Ìgbà tí ẹ bá ń ṣí pépà tuntun tó wá jẹ́ pé ẹ ti mọ gbogbo àwọn tó tọ́ka sí, ẹ ti ń dé ibi tó yẹ kẹ́ẹ dúró sí nìyẹn.

Google Scholar ni gbogbo èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, kò burú. DBLP dáa tẹ́ẹ bá fẹ́ rí gbogbo iṣẹ́ ẹnì kan tàbí ti kọnfẹ́rẹ́ǹsì kan. ACM Digital Library àti IEEE Xplore, ẹ fi àkáǹtì yunifásítì yín wọlé kẹ́ẹ tó sanwó lórí nǹkan kan. arXiv náà wà látọdún 1991, ọ̀fẹ́ ni, ó sì yá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ohun tó wà níbẹ̀ lẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò, ẹ wá a bóyá ó ti jáde níbi gidi kan kẹ́ẹ tó tọ́ka sí i. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ẹ̀ka ìmọ̀ míì bọ́ sí kọ̀ǹpútà, ẹ má fojú kéré kọnfẹ́rẹ́ǹsì o, lọ́dọ̀ tiwa ibẹ̀ lọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó lágbára ti máa ń jáde, kì í ṣe jọ́nà nìkan.

Tó bá jẹ́ systematic review lẹ fẹ́ ṣe (kẹ́ẹ fi ìlànà kan pàtó kó gbogbo pépà lórí ìbéèrè kan jọ, kẹ́ẹ yẹ̀ wọ́n wò), ìlànà tí Kitchenham àti Charters gbé jáde lọ́dún 2007 ni wọ́n ń lò jù nínú software engineering (ìmọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ́ sọ́fítíwia). Ọ̀nà míì ni kẹ́ẹ mú pépà díẹ̀ tó dáa, kẹ́ẹ wo àwọn tí wọ́n tọ́ka sí lẹ́yìn àtàwọn tó tọ́ka sí wọn níwájú, snowballing ni wọ́n ń pè é, Wohlin ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa lọ́dún 2014.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju iye lọ ni ohun tẹ́ẹ ń ṣe tẹ́ẹ bá ń kà. Ẹ ṣí Excel, ẹ ya òpó márùn-ún: ìbéèrè wọn, dátà wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà, àbájáde, ohun tí wọn ò ṣe. Pépà kan, ìlà kan. Òpó tó kẹ́yìn yẹn lẹ máa wò lọ́jọ́ kan tẹ́ẹ máa rí i pé ẹni méje ò dán an wò pẹ̀lú déètì, àyè tiyín ti yọ nìyẹn.

Súpáfáísọ̀ mi kì í dáhùn ímeèlì. Kí ni kí n ṣe?

Kẹ́ẹ tó sọ pé wọn ò ka yín sí, ẹ wo ímeèlì tẹ́ẹ ń fi ránṣẹ́ ná. Tó bá jẹ́ "Ẹ kú iṣẹ́ sà, mo so tíísìs mi mọ́ ọn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó", ojú ewé ọgọ́rin lẹ kó lé èèyàn lórí yẹn, wọ́n á ní àwọn á ṣe é tí ọwọ́ bá dilẹ̀, ọwọ́ ò sì ní dilẹ̀. Ẹ gbìyànjú irú èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ti parí ìdánwò kejì, ó wà ní orí kẹrin, ojú ewé 31 sí 36. Ẹyọ ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ẹ bá mi pinnu: ṣé kí n yọ dátà kẹta kúrò torí pé ọ̀pọ̀ nínú lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ò péye, àbí kí n fi sílẹ̀ kí n ṣàlàyé ẹ̀? Èrò tèmi ni kí n yọ ọ́. Tí ẹ ò bá rí àyè fèsì kó tó di Ọjọ́bọ̀, màá máa bá yíyọ ọ́ lọ ná."

Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n máa fi dáhùn ẹ̀, "yọ ọ́" ni wọ́n máa kọ. (Tó bá ń ṣe yín bíi pé gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn fẹ́ jọ àfojúdi, ẹ fi "ẹ jọ̀ọ́ sà" kún un, iṣẹ́ kan náà ló máa ṣe.) Tẹ́ẹ bá ti rí wọn sójú, ẹ kọ ohun tẹ́ẹ jọ fẹnu kò sí ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an, kó má di pé lóṣù mẹ́ta sígbà yẹn wọ́n á ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Tọ́rọ̀ bá wá le débi pé ẹ̀ ń pàdánù ọ̀pọ̀ oṣù, ẹni tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìwé gíga wà ní ẹ̀ka yín, ẹ lọ bá a tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pẹ̀lú déètì gbogbo ímeèlì tẹ́ẹ ti fi ránṣẹ́, kó tó di pé gbèdéke ti kan ilẹ̀kùn.

Mọ́dẹ́lì mi gba 99 nínú ọgọ́rùn-ún! Ṣé mo ti yege?

Ẹ má tíì jó. Tí nọ́ńbà bá dáa jù, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó wá sọ́kàn yín ni pé ó ṣeé ṣe kí dátà ìdánwò ti jò sínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́, tó túmọ̀ sí pé mọ́dẹ́lì yín ti rí ìdáhùn kó tó wọ yàrá ìdánwò.

Ó máa ń jò lọ́nà tójú ò tètè rí. Ẹ ní fọ́tò àyà àwọn aláìsàn, ẹnì kan ní fọ́tò mẹ́rin, ẹ wá pín fọ́tò náà bó ṣe wù yín, méjì ẹ̀ bọ́ sí ìkẹ́kọ̀ọ́, méjì bọ́ sí ìdánwò. Mọ́dẹ́lì ò mọ àìsàn yẹn o, egungun ìhà ẹni yẹn ló dá mọ̀. Èèyàn ló yẹ kẹ́ẹ pín, kì í ṣe fọ́tò. Tàbí kẹ́ẹ ti ṣe normalization (kẹ́ẹ mú gbogbo nọ́ńbà wá sórí ìwọ̀n kan náà) lórí gbogbo dátà kẹ́ẹ tó pín in, tàbí kẹ́ẹ yan fíṣọ̀ (àwọn àmì tí mọ́dẹ́lì ń wò) tẹ́ẹ máa lò nígbà tí dátà ìdánwò ṣì wà nínú ẹ̀. Tàbí nínú àpẹẹrẹ gbájúẹ̀ wa yẹn, kí àdírẹ́sì méjì tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀daràn kan náà wà lápá méjèèjì, tó jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n fi yàtọ̀. Ẹ fi déètì pín in, ti àtijọ́ fún ìkẹ́kọ̀ọ́, tuntun fún ìdánwò.

Ẹ má rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń kó sí i. CIFAR-10, àkójọ fọ́tò tí gbogbo ayé fi ń dán mọ́dẹ́lì wò, fọ́tò 60,000 ló wà níbẹ̀, 10,000 jẹ́ ti ìdánwò, Barz àti Denzler tú u wò, wọ́n rí i pé ìdá 3.3 nínú ọgọ́rùn-ún fọ́tò ìdánwò ló ní ìbejì nínú ti ìkẹ́kọ̀ọ́, ní CIFAR-100, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Kapoor àti Narayanan náà kọ ọ́ lọ́dún 2023 pé irú jíjò yìí ti ba ìwádìí jẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ 17.

Ohun kejì: 99 nínú kí ni? Tó bá jẹ́ pé nínú ìdúnàádúrà ẹgbẹ̀rún kan, mẹ́wàá péré ló jẹ́ ti olè, ẹ̀rọ tó kàn ń sọ "kò sí olè" láti àárọ̀ dalẹ́ máa gba 99, kò sì ní mú ẹyọ olè kan. Ẹ jẹ́ ká rí precision (nínú àwọn tó pè ní olè, mélòó ló jẹ́ olè lóòótọ́), recall (nínú àwọn olè tó wà, mélòó ló mú) àti F1 tó pa méjèèjì pọ̀, kẹ́ẹ sì tẹ confusion matrix síbẹ̀, tábìlì tó ń fi ibi tó gbà àtibi tó ṣì hàn.

Tèmi yàtọ̀ o. Àbájáde mi ò dáa rárá, ọ̀nà àtijọ́ lásán ló borí ẹ̀.

Ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ tá a bá ń sunkún a máa ń ríran, ẹ wo ohun tó wà níwájú yín yẹn dáadáa.

Àkọ́kọ́, ẹ rí i pé kì í ṣe kóòdù ló ní kòkòrò. Ẹ mú dátà bíi mẹ́wàá péré, ẹ wò ó bóyá mọ́dẹ́lì lè há wọn sórí pátápátá. Tí kò bá lè há mẹ́wàá sórí, nǹkan ti bà jẹ́ níbì kan nínú kóòdù, kẹ́ẹ má tíì kọ ìwé kankan lé e lórí.

Tí kóòdù bá mọ́ tónítóní, tí ọ̀nà àtijọ́ ṣì ń borí, ẹ ti rí nǹkan nìyẹn. Lọ́dún 2019, Ferrari Dacrema, Cremonesi àti Jannach mú ọ̀nà 18 tí wọ́n fi deep learning (oríṣi machine learning kan tó ní ìpele púpọ̀) ṣe fún dídámọ̀ràn nǹkan fún oníbàárà, méje péré ni wọ́n rí tún ṣe láìlàágùn jù, mẹ́fà nínú méje yẹn sì ni ọ̀nà kéékèèké àtijọ́ lù pa. Wọ́n gbà wọ́n láyè ní kọnfẹ́rẹ́ǹsì RecSys, pépà yẹn ló sì gba ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀. Torí náà "kò ṣiṣẹ́" lè jẹ́ tíísìs, àmọ́ "kò ṣiṣẹ́, mi ò sì mọ̀dí" ò lè jẹ́. Ẹ wá ìdí ẹ̀. Ṣé dátà ló kéré ni? Tẹ́ẹ bá dín in kù sí ìdajì, ṣé àlàfo àárín wọn tún fẹ̀ sí i? Irú àṣìṣe wo ló ń ṣe? Ẹ jókòó ka ọgọ́rùn-ún nínú àwọn èyí tó ṣì, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ pín wọn sí ìsọ̀rí. Iṣẹ́ tó ń súni ni, òun náà ló sì máa ń sọ orí karùn-ún di nǹkan tó ṣeé kà.

Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sáré ìdánwò kọ̀ọ̀kan?

Ẹ̀ẹ̀kan ò tó láé, bó bá ti ní nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣèèṣì nínú, irú bí random seed (nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ohun tó ń yàn ní ṣèèṣì). Ẹ sá a ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, tí ẹ̀rọ bá gbà á kó jẹ́ mẹ́wàá, ẹ kọ ìpíndọ́gba àti standard deviation (bí wọ́n ṣe jìn sí ìpíndọ́gba tó). Tí ọ̀nà A bá gba 84.1 tí B gba 83.8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń lọ sókè lọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú 0.9, ẹ má sọ fún wa pé A borí. Fún kẹ́ẹ fi ọ̀nà méjì wéra lórí oríṣiríṣi àkójọ dátà, Demšar lọ́dún 2006 dámọ̀ràn ìdánwò ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Wilcoxon, tí wọ́n bá ju méjì lọ, ti Friedman. Kẹ́ẹ má sì máa pààrọ̀ seed títí tí èyí tó wù yín á fi jáde, ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, tẹ́tẹ́ nìyẹn.

Mi ò ní GPU (èyí tó ń mú kí ìṣirò mọ́dẹ́lì yára), lápútọ́ọ̀pù mi sì ti gbó.

Ẹ bi ẹ̀ka yín bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ àjùmọ̀lò, wọ́n sábà máa ń ní, wọn kì í kàn pariwo ẹ̀. Google Colab ọ̀fẹ́ (kọ̀ǹpútà Google tẹ́ẹ lè lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) máa ń já lójijì, ẹ máa fi checkpoint (ibi tíṣẹ́ dé) pamọ́ léraléra. Ẹ lo mọ́dẹ́lì tí wọ́n ti kọ́ sílẹ̀, kẹ́ẹ kàn tún un ṣe díẹ̀, tàbí kẹ́ẹ mú mọ́dẹ́lì kékeré. Àmọ́ ìmọ̀ràn gidi ni pé kẹ́ẹ yan ìbéèrè tó bá agbára yín mu láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dáa nínú software engineering, nínú bí èèyàn ṣe ń lo kọ̀ǹpútà, tàbí nínú algorithm, lápútọ́ọ̀pù lásán tó o.

Mo fẹ́ fọ̀rọ̀ wá àwọn èèyàn lẹ́nu wò. Ṣé mo nílò àṣẹ?

Bẹ́ẹ̀ ni, láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ethics (ìwà tó tọ́ nínú ìwádìí) ní yunifásítì yín, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Wọn kì í fún èèyàn lẹ́yìn tó ti gba dátà tán. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tètè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀, kẹ́ẹ máa ka pépà lọ níwọ̀n ìgbà tẹ́ẹ ń dúró.

Ìgbà wo ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́?

Lónìí. Àṣà ká parí gbogbo ìdánwò ká tó máa kọ ló ń pa àwọn èèyàn jù, torí tó bá fi máa di oṣù kẹjọ ẹ ò ní rántí ìdí tẹ́ẹ fi yan 0.001 fún learning rate (bí mọ́dẹ́lì ṣe ń tún ara ẹ̀ ṣe tó lẹ́ẹ̀kan), ẹ̀ẹ̀ sì ní mọ fáìlì wo ló bí tábìlì kejì.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí kìíní o! Ẹ kọ orí tó ṣàlàyé ọ̀nà tẹ́ẹ gbà, nígbà tẹ́ẹ ṣì ń ṣe é lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà àbájáde, wá padà sórí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, wá ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti ìparí, ẹ fi wọ́n sẹ́yìn, abstract (àkótán iṣẹ́ náà) ló kẹ́yìn pátápátá, torí báwo lẹ ṣe máa ṣàfihàn ilé tẹ́ẹ ò tíì kọ́ tán?

Tó bá kan àbájáde, gbólóhùn bíi "mọ́dẹ́lì wa ṣe dáadáa gan-an" ò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi wé èyí (nọ́ńbà àfiṣàpẹẹrẹ ni o): "Ní oṣù kìíní, F1 jẹ́ 0.91. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà ó ti wá sílẹ̀ sí 0.74, púpọ̀ nínú àṣìṣe tuntun náà ló sì wá látorí àwọn àdírẹ́sì tí wọ́n gé kúrú, èyí tí kò pọ̀ nínú dátà ìkẹ́kọ̀ọ́." Ẹni tó kà á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, àti ibi tó ṣeé ṣe kó ti wá.

Word ni àbí LaTeX?

Èyí tí yunifásítì yín bá ní tẹ́ńpíléètì fún. LaTeX, tẹ́ẹ máa ń fi àṣẹ bíi kóòdù to ìwé, rọrùn tí fọ́múlà, tábìlì àti ìtọ́ka bá pọ̀, tí súpáfáísọ̀ yín bá sì jẹ́ ẹni Word, Word náà ni kẹ́ẹ lò, àlàáfíà ló jù. Ẹ ṣáà jẹ́ kí Zotero tàbí BibTeX máa bá yín to ìtọ́ka, ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́.

Kọ̀ǹpútà mi kọṣẹ́, gbogbo nǹkan ti lọ. Kí ni mo lè ṣe?

Ó di ká wá ẹni tó ń yọ dátà nínú háàdì díìsìkì. Ẹ̀yin tí tiyín ò tíì kọṣẹ́, ẹ fi kóòdù àti tíísìs sínú Git lónìí, èyí tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀dà tẹ́ẹ ti ṣe, ẹ gbé e lọ sórí GitHub tàbí GitLab ní ìkọ̀kọ̀, dátà tó tóbi kẹ́ẹ ní ẹ̀dà ẹ̀ níbòmíì. Ẹ tún fi tag (àmì tó ní orúkọ) sára kóòdù tó bí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kó má jẹ́ pé fóldà yín kún fún "ìkẹyìn", "ìkẹyìn2", "ìkẹyìn_gan-an".

Ṣé mo lè lo ChatGPT?

Ẹ ka ìlànà ilé ìwé yín, torí ibì kan gbà á tẹ́ẹ bá sọ ọ́ síta, ibì kan ò gbà á rárá. Níbi tí wọ́n ti gbà á, kó bá yín wo àṣìṣe gírámà tàbí kó ṣàlàyé àṣìṣe tí kóòdù gbé jáde, kò burú. Ẹ má ní kó bá yín wá pépà kẹ́ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé láìṣí i, ó máa ń hùmọ̀ pépà tí kò sí láyé, pẹ̀lú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún, á sì rí bí òótọ́. Olùyẹ̀wò tó bá wá ẹyọ kan tí kò rí i máa bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbogbo ìyókù. Kóòdù náà, ìlà tẹ́ẹ ò bá lè ṣàlàyé, ẹ yọ ọ́, torí wọ́n máa bi yín.

Ẹlòmíì ti gbé ohun tí mò ń ṣe jáde lóṣù tó kọjá. Ayé mi ti bà jẹ́.

Kò bà jẹ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn tí inú yín bá ti rọ̀. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí bí dátà, ìbéèrè àti ọ̀nà tiwọn ṣe máa bá tiyín dọ́gba pátápátá, kódà tó bá dọ́gba, ẹ ti wá ní ẹni tẹ́ẹ máa fi ara yín wé. Ẹ tọ́ka sí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ sọ ìyàtọ̀ yín, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Ohun tẹ́ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kẹ́ẹ díbọ́n bíi pé ẹ ò rí i.

Mò ń ṣiṣẹ́, mo sì tún bímọ. Ṣé mo lè parí ẹ̀?

Àwọn èèyàn ń parí ẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ tẹ́ẹ máa ní wákàtí mẹ́jọ gbáko, kò ní dé. Ẹ pín iṣẹ́ sí èyí tó ń fẹ́ ọpọlọ tútù, bíi kíkọ ìjíròrò, àtèyí tẹ́ẹ lè ṣe tó bá ti rẹ̀ yín, bíi títo ìtọ́ka tàbí títún àwòrán yà. Ìdánwò tó gùn, ẹ tì í bọnú iṣẹ́ lálẹ́ kó máa sáré títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kẹ́ẹ tó dìde lórí ìjókòó, ẹ kọ gbólóhùn kan sókè fáìlì nípa ohun tó kàn, ìyẹn máa gbà yín lọ́wọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tẹ́ẹ máa fi ń bi ara yín pé "níbo la ti dúró ná?"

Kí ni wọ́n máa ń bi èèyàn lọ́jọ́ ìdáàbòbò tíísìs (defence)?

Ibì kan, ẹ̀yin àti olùyẹ̀wò méjì nínú yàrá títì ni, ibòmíì, ìgbìmọ̀ àti òǹwòran. Ìbéèrè wọn ò jìnnà síra. Kí ni ẹ̀yin gan-an fi kún ìmọ̀, ní gbólóhùn kan? Kí ló dé tó jẹ́ dátà yìí? Kí ló lè mú kí àbájáde yín má jẹ́ òótọ́ níbòmíì? Ẹ ṣàlàyé àwòrán 4.3. Tẹ́ẹ bá tún fẹ́ ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, kí lẹ máa yí padà?

Ìbéèrè nípa ohun tó lè ba àbájáde jẹ́ yẹn, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín, ẹ ti kọ ọ́ sínú tíísìs ní abala threats to validity. Ẹni tó fẹnu ara ẹ̀ sọ àléébù iṣẹ́ ẹ̀ ṣòroó mú. Tẹ́ẹ ò bá sì mọ ìdáhùn kan, ẹ ní "mi ò dán ìyẹn wò, àmọ́ ọ̀nà tí mo máa gbà dán an wò rèé", ó sàn ju kẹ́ẹ máa yí èdè mọ́ra lọ, wọ́n ti gbọ́ èyí rí.

Wọ́n ní mo yege, àmọ́ wọ́n kó àtúnṣe lé mi lórí. Ṣé nǹkan ìtìjú ni?

Rárá o, èèyàn díẹ̀ ló ń jáde láìní àtúnṣe kankan. Ẹ ya tábìlì olópòó mẹ́ta: ohun tí wọ́n sọ gan-an, ní ọ̀rọ̀ wọn, ohun tẹ́ẹ ṣe sí i, ojú ewé tó wà. Tẹ́ẹ ò bá gbà pẹ̀lú ọ̀kan, ẹ kọ ìdí yín síbẹ̀ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ẹ má fò ó. Ẹ má fi àyè yẹn tún orí tẹ́nikẹ́ni ò bá yín wí nípa ẹ̀ kọ o, àṣìṣe tuntun lẹ máa kó wọlé. Tábìlì yẹn àti tíísìs tó ti ní àtúnṣe lẹ jọ máa fi ránṣẹ́, tí wọ́n bá sì ti buwọ́ lù ú, tí súpáfáísọ̀ yín fọwọ́ sí i, tí dátà ò sì ní àṣírí ẹnikẹ́ni nínú, ẹ gbé kóòdù sórí Zenodo, sáìtì tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ìwádìí pamọ́ sí, kó ní DOI tiẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà), kẹ́ẹ kọ DOI yẹn sínú ẹ̀dà tó máa wọ láíbìrì.